Eedris Abdulkareem: láti 2004 dé 2025, ohùn kan náà ló ń kọ

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, mo ní kí n gbé e wá síbí. Oṣù yẹn ni àjọ NBC, àwọn tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé orin tuntun Eedris Abdulkareem sáfẹ́fẹ́. "Tell Your Papa" lorúkọ orin náà. Seyi, ọmọ Ààrẹ Tinubu, ló ń bá wí níbẹ̀, pé kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ebi ń pa ará ìlú, pé ọkàn ẹnikẹ́ni ò balẹ̀ lójú pópó mọ́.

Nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn tán, ṣe ni mo jókòó jẹ́ẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ní 2004, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bọ̀dá mi kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ojúwòyè, ní Mushin. "Jaga Jaga", orin Eedris tó ní Nàìjíríà rí jagajaga, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. A gbé sípíkà méjì síta ìsọ̀. Kọ̀ńdọ́ dánfó á bọ́ sílẹ̀, á na owó sí wa, á sì ti padà fò mọ́ ọkọ̀ kó tó gbéra. Nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú sí orin náà, tí rédíò ò gbé e mọ́, ìgbà yẹn gan-an lọjà wá yá. Páálí tí a bá tú láàárọ̀, ọ̀sán ò ní í bá a. Èyí tí téèpù rẹ̀ bá há nínú ẹ̀rọ, wọ́n á gbé e padà wá, èmi ni màá ki bíírò bọ ihò rẹ̀, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé. A ti rí olórin tó kọ orin kan bú ìjọba, tí ìbò dé, tí a tún rí i lórí pèpéle olóṣèlú. Ọkùnrin yìí kọrin fún ìjọba Ọbásanjọ́ pé nǹkan ò dáa, ó tún kọ ọ́ fún ti Tinubu, ọdún mọ́kànlélógún ló wà láàárín méjèèjì. Kí ló dé tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka àwọn tó fi ohùn wọn jà fún wa?

Ọmọ2003:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọdún 2003 ni wọ́n bí mi, "Tell Your Papa" lorin rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fetí sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní tiwa, Falz la mọ̀. Amòfin ni, ọmọ Fẹ́mi Fálànà, kò sì ní kí òun jókòó sí kóòtù kóun máa jẹun òun. 2018 ló gbé "This Is Nigeria" jáde, tí NBC ní kí Jay FM, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Jos, san ₦100,000 owó ìtanràn torí pé wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí EndSARS bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020, ó wà lára àwọn tó síwájú lójú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Eedris kó tó di 2004? Mo fẹ́ mọ̀ ni o, mi ò bá yín jiyàn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Kano ni wọ́n bí i sí ní 1974, ṣùgbọ́n Iléṣà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tíì mọ nǹkan kan nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún méjì péré ni. Ẹni tó jẹ ìyà láti kékeré ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òun, Tony Tetuila àti Eddy Remedy kóra jọ, wọ́n pe ara wọn ní The Remedies. Kó o tó lè mọ ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kó o mọ bí rédíò ṣe rí nígbà yẹn. RayPower tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, orin Amẹ́ríkà ló sì gba afẹ́fẹ́ kan. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe hip-hop, Gẹ̀ẹ́sì aránmú ni yóò máa sọ, bíi pé New York ni wọ́n ti wẹ ìwọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí mú ìlù orin MC Lyte kan, wọ́n da Yorùbá àti píjìn lé e lórí, ó di "Sakomo". Kehinde Ogungbe àti Dayo Adeneye, tí a mọ ohùn wọn dáadáa lórí RayPower, ló gbé wọn jáde lábẹ́ Kennis Music. Àwọn tó ń fi Yorùbá kọrin lónìí tí wọ́n ń kún pápá ìṣeré lókè òkun, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tó là á.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká, ó dá dúró. Àwo rẹ̀ "P.A.S.S." jáde ní 2002, "Mr. Lecturer", tó fi bá àwọn olùkọ́ yunifásítì wí, sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ààrẹ kankan.

Òótọ́Korò:

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ràn "Sakomo", mo jó o títí ilẹ̀ fi mọ́ níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kí èèyàn dúró ní gbangba kó ní ìlú òun rí jagajaga, kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà máa kọ ọ́ lọ sílé ìwé, èébú ni mo pe ìyẹn. Bí inú bá ń bí ọ sí olórí, dárúkọ olórí, fi ìlú sílẹ̀.

Àti ti ọkọ̀ òfuurufú yẹn ńkọ́? Oṣù Kejìlá 2004, wọ́n gbé 50 Cent, olórin ará Amẹ́ríkà, wá fún ètò orin Star Mega Jam. Eedris lọ jókòó sí àyè tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún àlejò, ìjà bẹ́ nínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn lọ sí Port Harcourt, ọkùnrin yẹn sì fi Nàìjíríà sílẹ̀ láì parí ohun tó bá wá. Ìyẹn náà ni ìjà fún ará ìlú?

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Òótọ́Korò, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn. Bó ṣe jà á, mi ò ní gbè é lẹ́yìn. Inú ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni èèyàn ti ń na ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí i nínú, mo fojú ara mi rí i. Olórin tí à ń ta kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní páálí páálí, dánfó ló máa wọ̀ wá bá bọ̀dá mi ní ìsọ̀, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á. Tí àlejò bá wá dé láti Amẹ́ríkà, òtẹ́ẹ̀lì tó dáa jù, ọkọ̀ tó dáa jù, gbogbo rẹ̀ tirẹ̀ ni. Eedris ní òun ò ní dìde fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ bàbá òun. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà ló ń sọ iye tó máa gbà kó tó gbéra nílé. Mi ò sọ pé ìjà yẹn ló fà á, mo kàn ní ẹni tó jà á ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:

Èmi ni màá mú ti ọwọ́ òsì. Òótọ́Korò, òwe yín dáa, ṣùgbọ́n òwe kan náà wà tó sọ pé ọba kì í pọ̀kọrin. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa sọ ohun tí àwọn yòókù ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ lọ sí Kétu, ẹ lọ sí ilẹ̀ Yewa, kí ojúmọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó mọ́, Ẹ̀fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde lóru. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìjòyè, á kan ìjòyè. Bó bá kan olówó tó gba ilẹ̀ opó, á sọ ọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ìlú á máa gbe orin. Ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní í wá a wálé. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ní orin bíi "Jaga Jaga" lòdì sí àṣà wa, ó máa ń dùn mí, torí àṣà wa gan-an lọkùnrin yẹn ń ṣe, inú maikirofóònù ló kàn ti ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀. Ẹ máa sọ "Jaga Jaga" o, èmi "Mr. Lecturer" ni màá sọ.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní 2003. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Olùkọ́ wa kan ní kí n wá rí òun ní ọ́fíìsì lẹ́yìn aago márùn-ún, lọ́jọ́ tí àwọn akọ̀wé ti máa ń lọ sílé. Mi ò lọ. Èsì ìdánwò jáde, mo gba F. Mo tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún gba F. Ìwé tí mo kọ dáadáa ni o, àwọn tí mo kọ́ ní ìṣirò yẹn nínú yàrá wa, B ni wọ́n gbà. Ẹni mẹ́fà la wà nínú yàrá yẹn, ẹni mẹ́ta ló ní irú ìtàn yìí lẹ́nu, kò sì sí èyí tó sọ fún òbí nínú àwa mẹ́ta. Ojú ń tì wá. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá ẹni.

Lọ́jọ́ kan bàbá mi wá gbé mi lọ sílé fún ìsinmi. Rédíò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀, orin yẹn bọ́ sí i. Bàbá mi kì í gbọ́ orin ọ̀dọ́, Àyìnlá Ọmọwúrà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò pa á. Ó gbọ́ bí olórin náà ṣe ń sọ nípa olùkọ́ tó ní kí ọmọbìnrin wá bá òun sùn kó tó rí máàkì gbà. A dé ibi tí ọkọ̀ ti ń tò, ó rọra dín ohùn rẹ̀ kù, kò wo ojú mi, ó ní: "Ṣé irú nǹkan báyìí wà níbẹ̀?" Mo bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn gùn, mo sá ṣe parí ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 2002 lọkùnrin yìí kọ ọ́ lórin. 2019 ni BBC gbé fíìmù olùwádìí jáde tó ká àwọn olùkọ́ mọ́ ọn nílùú Èkó àti ní Ghana. Oṣù Keje 2020 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí àbádòfin lórí rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún! Ẹni tó bá bi mí pé kí ni Eedris jà fún, èmi ló jà fún.

Òótọ́Korò:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á máa tu yín nínú. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi jiyàn ìyẹn. Àbúrò mi obìnrin náà jáde ní yunifásítì lọ́dún 2005, mi ò bi í rí.

Atọ́kùn Àárọ̀:

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìfòfindè yìí ṣe ń rí nínú ilé iṣẹ́, torí àwọn èèyàn rò pé ọlọ́pàá ló máa ń wá.

Lẹ́tà ni. Ó máa wá láti NBC, ọ̀gá á tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sítúdíò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, níbi tí ojú atọ́kùn á ti máa rí i ní gbogbo ìgbà. A máa ń pe irú orin bẹ́ẹ̀ ní NTBB, ìyẹn "Not To Be Broadcast", orin tí a ò gbọ́dọ̀ gbé sáfẹ́fẹ́. Ti "Tell Your Papa", abala 3.1.8 nínú òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni wọ́n tọ́ka sí, wọ́n ní orin náà kò bójú mu fún afẹ́fẹ́. Ó parí. Wọn kì í pe olórin kó wá rojọ́, wọn kì í bi àwọn olùgbọ́.

Ẹ̀rù wo ló ń bà wá? Owó ìtanràn wà níbẹ̀. Ní 2020, wọ́n gbé ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti ₦500,000 lọ sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Òótọ́ ni pé ní oṣù Karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé NBC kì í ṣe kóòtù, kò sì ní agbára láti bu ìtanràn lé ilé iṣẹ́ kankan. A yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó sì ní ọjọ́ tó máa ń tán. Ọ̀gá tó ní ọgọ́rin òṣìṣẹ́ kò ní fi ìwé àṣẹ ṣeré nítorí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Apá 39 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, mo mọ̀ ọ́n lórí. Lẹ́tà ara ògiri yẹn ni mo sì ń bọ̀wọ̀ fún láàárọ̀. Ó ń dùn mí.

Ọmọ2003:

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wá ń fòfin dè? Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ. Ìròyìn ìfòfindè yẹn ló jẹ́ kí n wá a. Gbogbo yàrá wa ló gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Atọ́kùn Àárọ̀:

Àbúrò, o wà ní ìlú ńlá, o sì ní dátà. Ìyá mi wà ní abúlé, rédíò kékeré oní-bátìrì ló ń gbọ́. Ẹni tí epo bẹntiróòlù àti gàárì wọ́n jù fún lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tí wọ́n ń kọ orin nítorí rẹ̀, òun gan-an ni kò ní gbọ́ orin náà. Ìyẹn ni lẹ́tà yẹn ṣe.

Nǹkan kejì tún wà. Orin tó bá wọ NTBB, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ á sá fún olórin rẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n kàn máa yọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó máa ṣeré ni.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ dá yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ti ń wúwo lọ́rùn mi. Mo ní ọjà yá wa ní 2004. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń tà, àdàkọ ni, ọjà Alábà ni bọ̀dá mi ti ń kó o. Ọmọ iṣẹ́ ni mí, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ìjọba gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí à ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ìsọ̀ gba owó ibẹ̀. Láàárín méjèèjì ló wà tó tún ń kọrin. Ní 2005, "Letter to Mr. President" tún jáde. Ẹni tí wọ́n ti fi iná jó ní ìka, tó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́!

Ìgbà tó di 2022, ìròyìn jáde pé kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Mo gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn bí ìgbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti tó, kó jókòó, kó sinmi, kó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Seyi Tinubu ní bàbá òun ni ààrẹ tó dára jù lọ nínú ìtàn Nàìjíríà, ọkùnrin tó ń gbé kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ kiri yìí wọ sítúdíò lọ dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbí.

Òótọ́Korò:

Mi ò tíì gba ti "jagajaga", mi ò sì ní parọ́ pé mo gbà. Ṣùgbọ́n mo lọ gbọ́ "Tell Your Papa" lálẹ́ àná nítorí yín. Ohun tí mo bèèrè lókè, pé kó dárúkọ olórí kó fi ìlú sílẹ̀, ó ṣe é níbẹ̀. Òun náà ni wọ́n tún fòfin dè. Ìyẹn ń jẹ mí lọ́kàn títí di àárọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé "P.A.S.S." wà lọ́dọ̀ yín? Kásẹ́ẹ̀tì gangan ni mò ń wí. Mo mọ̀ pé ó wà lórí fóònù. Àwọn ìbejì mi ń wọ yunifásítì lọ́dún yìí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Bàbá mi ti kú, ṣùgbọ́n rédíò kásẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yẹn ni màá fi gbé wọn lọ.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Ó wà. Ojúlówó ni, kì í ṣe ti Alábà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó báyìí, téèpù rẹ̀ ti tú jáde díẹ̀ lápá kejì, ibi tí "Mr. Lecturer" wà ò fara pa. Ẹ fi nọ́ḿbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Màá fi bíírò yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó gbé e wá fún yín.